Èdè-Ìperí fún Ìṣọ́ Ọpọlọ tí ó Fara Pa: Òṣùwọ̀n Ìjí ti Glasgow ní Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí fi yé ni pé ẹni tí yóò wo orí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe orí náà gan-an. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn òde òní, mímọ ohun tí ó ń ṣe orí tí ó fara pa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ tí a fi bi aláìsàn léèrè, ọ̀rọ̀ tí òun náà fi dáhùn, àti ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọ́, ìtọ́jú yóò wọ́ pẹ̀lú.

Òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé fi ń ṣọ́ ẹni tí ó fi orí pa ni àròkọ yìí dá lé. Ó ṣe àlàyé bí òṣùwọ̀n náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì dábàá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn ìpele rẹ̀. Ìlọrin ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú náà jẹ́ oríta èdè. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní 1980, ń gba aláìsàn tí ó ń sọ Yorùbá, Núpé, Haúsá, Fúlàní àti Bàrìbá. Yunifásítì Ìlọrin yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ti kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, òun ni ó sì ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá Apá Kejì tí ó jáde ní 1990, lẹ́yìn Apá Kìíní tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984. Ìwé méjèèjì dá lé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ẹ̀ka ìṣègùn ṣì ń retí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro ọ̀rọ̀ ni ó bí òṣùwọ̀n náà

Kí ọdún 1974 tó dé, oríṣiríṣi orúkọ ni àwọn oníṣègùn òyìnbó fi ń pe ipò ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Dókítà kan lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn ń tòògbé, èkejì lè ní ó dákú díẹ̀, ẹ̀kẹta lè ní ó dákú pátápátá. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ni ọ̀kan parí sí, ibi báyìí ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó gba iṣẹ́ ní alẹ́ kò lè mọ̀ bóyá ara aláìsàn ti yá ju ti àárọ̀ lọ tàbí ó ti burú sí i.

Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ méjì ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, ni wọ́n pa àwọn orúkọ wọ̀nyí tì. Dípò kí a máa sọ ipò aláìsàn lórúkọ, wọ́n ní kí a kọ ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́: bí ojú rẹ̀ ṣe ń là, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, àti bí ara rẹ̀ ṣe ń mira. Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ni wọ́n ti gbé àbá náà jáde ní oṣù Keje 1974. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ bíbí Awẹ́ tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn ní 1962, dágbére fún ayé.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìtàn yìí jẹ́ fún ẹni tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí. Kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun tàbí oògùn tuntun ni ó tún iṣẹ́ ṣe ní Glasgow; ọ̀rọ̀ tí ó ní ààlà ni.

Ìṣòro tí àwọn òyìnbó ní ṣáájú 1974 ni Yorùbá ní lónìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà dákú. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ebi pa tí ó ṣubú lórí ìlà, tí a bu omi sí lójú tí ó sì dìde, a ní ó dákú. Ọkùnrin tí ọkọ̀ gbá, tí ó ti wà lórí ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́ta láìfọhùn, òun náà, a ní ó dákú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kó ìṣẹ́jú kan àti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀. Kò sí aburú nínú rẹ̀ fún ìtàn sísọ, ṣùgbọ́n kò tó fún ìṣọ́.

Ìjí àti ìmọ̀

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó lè gba iṣẹ́ náà ṣe. Àkọ́kọ́ ni jí. Ẹni tí ó jí ti kúrò lójú oorun, ojú rẹ̀ sì là. Èkejì ni mọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ mọ ara rẹ̀, ó mọ ibi tí ó wà, ó sì mọ ohun tí a ń bá a sọ. Ọpọlọ a máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì ní ibi tí ó yàtọ̀: ìdí ọpọlọ ni a ti ń jí, èèpo ọpọlọ òkè ni olórí ibi tí a ti ń mọ̀. Nítorí náà ni ènìyàn fi lè jí láìmọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè mọ̀ láìjí.

Àbá tí a mú wá ni pé kí a pe òṣùwọ̀n náà ní Òṣùwọ̀n Ìjí ti Glasgow, kí a sì máa rántí pé ìjí ni ẹnu ọ̀nà ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn ń lò ni. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà iyàrá ìtọ́jú pàjáwìrì yóò gbọ́ ìbéèrè náà: "Ṣé ó ti jí?"

Ó yẹ kí a tún fiyè sí àmì ohùn. Ọpọlọ ni ohun tí ó wà nínú agbárí. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ẹranko tí ń fò létí odò. Ìwé ìṣègùn tí kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sọ olùkọ́ di ẹlẹ́yà níwájú akẹ́kọ̀ọ́.

Ojú, ọ̀rọ̀ àti ara

Ọ̀nà mẹ́ta ni òṣùwọ̀n náà pín sí. Ojú ní ìpele 4, ọ̀rọ̀ ní 5, ara ní 6. Ẹni tí ó jí pépé yóò gba 15. Èyí tí ó kéré jù ni 3, nítorí pé kò sí òdo nínú rẹ̀. Ní 1974, ìpele 5 ni ara ní. Lẹ́yìn náà ni a fi ẹyọ kan kún un.

Ìlajú. 4: ó lajú fúnra rẹ̀. 3: ó lajú nígbà tí a pè é. 2: ó lajú nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ lára. 1: kò lajú.

Ọ̀rọ̀. 5: ọ̀rọ̀ yíyè, ó sọ orúkọ rẹ̀, ibi tí ó wà, àti oṣù tí a wà. 4: ọ̀rọ̀ dídàrú, ó ń sọ gbólóhùn tí ó já gaara, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó wà tàbí àkókò. 3: ọ̀rọ̀ ẹyọ-ẹyọ, tí kò di gbólóhùn. 2: ìkérora nìkan. 1: kò fọhùn.

Ìmira. 6: ó ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. 5: ó fi ọwọ́ wá ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́. 4: ó fa apá sẹ́yìn kíá. 3: apá rẹ̀ ká lódìlódì, ó ń lọ́ra bọ̀ sí àyà. 2: apá rẹ̀ nà gbọnrangandan. 1: kò mira.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ lò níhìn-ín. Ẹni tí ó bá kọ ìyajú dípò ìlajú ti fi ẹ̀sùn àfojúdi kan aláìsàn. Kántankàntan kò dára fún ìpele kankan, nítorí pé ó kó ìpele 4 àti 3 pọ̀, ó sì jẹ́ èébú. Ìrànrán, tí í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún ohun tí ẹni tí ibà mú ń sọ, sún mọ́ ìpele 4, ṣùgbọ́n ó fa ọkàn lọ sí ibà. Ọ̀rọ̀ dídàrú kò fa ọkàn lọ síbì kankan, òun ni ó sì yẹ.

Àwọn tí ó ni òṣùwọ̀n náà tún ọ̀rọ̀ tiwọn ṣe bákan náà. Ní 2014, nígbà tí òṣùwọ̀n náà pé 40 ọdún, Teasdale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ "ìrora" kúrò, wọ́n sì fi "títẹ̀" rọ́pò rẹ̀. Ìdí ni pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ó ń dun ẹni tí kò jí. Ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀ ni pé òun tẹ̀ ẹ́. Ẹnu ìka ọwọ́, iṣan èjìká, tàbí egungun òkè ojú ni wọ́n ní kí a tẹ̀, wọn kò sì fọwọ́ sí fífi ìkúùkù ha egungun àyà. Nítorí náà ni àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà lókè yìí fi sọ pé a tẹ̀ ẹ́, tí wọn kò sọ pé a ni í lára.

A kò sì gbọ́dọ̀ lo lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ fún ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. O fún ojú àti Ọ fún ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ ju ẹyọ àmì kan lọ, méjèèjì sì jọ òdo lójú ẹni tí ń ka ìwé ní òru. Kí a kọ ọ́ tán: Ojú 3, Ọ̀rọ̀ 4, Ara 6. Àròpọ̀ nìkan kò tó, nítorí pé ẹni méjì lè gba 9 ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí a gbà pé ọlọ́kadà kan ṣubú ní agbègbè Pósítọ́fíìsì ní Ìlọrin. Ó dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì jí. Ó ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì béèrè omi. Gbogbo ẹbí dúpẹ́, wọ́n fẹ́ mú un lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bá ti já láàárín agbárí àti awọ tí ó bo ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ yóò máa gbá jọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹni tí ó gba 15 yóò di Ojú 3, Ọ̀rọ̀ 4, Ara 6, tí í ṣe 13; kò ní pẹ́ tí yóò di Ojú 2, Ọ̀rọ̀ 2, Ara 5, tí í ṣe 9. Bí ó bá di 8 tàbí kí ó dín, ó ṣeé ṣe kí ó má lè dáàbò bo ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ mọ́. Ìjí àkọ́kọ́ yẹn ni ó yẹ kí a pè ní ìjí ẹ̀tàn. Bí a bá fi orúkọ yìí kọ́ àwọn ènìyàn, yóò yé wọn pé "ó ti jí" kò túmọ̀ sí "ó ti bọ́". Nítorí rẹ̀ ni ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ pé kí a máa wo aláìsàn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí yóò fi gba 15, kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 2, lẹ́yìn náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 4, kí ó tó wá di wákàtí 2 síra wọn.

Ohun tí ó lè ṣi aṣọ́ni lọ́nà

Ìpele ọ̀rọ̀ ni àṣà ti wọ inú òṣùwọ̀n náà jù. Bí a bá bi bàbá arúgbó kan ní Ìlọrin pé oṣù wo ni a wà, ó lè ní oṣù Rájáábù ni. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ kàlẹ́ńdà mùsùlùmí lè fún un ní 4, nígbà tí ó tọ́ sí 5. Bí a bá ní kí ìyàwó ilé sọ orúkọ ọkọ tàbí ti ìyá ọkọ rẹ̀, ó lè dákẹ́. Ìtìjú ni, kì í ṣe ọpọlọ. Orúkọ tí aláìsàn sọ sì lè yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìwé, nítorí pé ẹni kan náà ni Sulaimọn nínú ìwé, Àlàbí nílé, Àlúfà ní àdúgbò. Kí aṣọ́ni tó bu máàkì dín, kí ó bi ẹbí.

Bí a ṣe ń pàṣẹ pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé nọ́ọ̀sì kò lè sọ fún àgbàlagbà pé "Di ọwọ́ mi mú!" "Bàbá, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ tú u sílẹ̀" ni ó tọ́. Nǹkan méjì ni kí a ní kí ó ṣe, nítorí pé ọwọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan lè di ohun tí ó bá kàn án mú láìgbọ́ àṣẹ.

Ẹni tí ó gbọ́ Núpé nìkan, tí a fi Yorùbá bi, kò ní dáhùn. Bí kò bá sí ògbufọ̀, kò tọ́ kí a kọ 1 sílẹ̀ fún un. Kí a kọ pé "kò ṣeé wọ̀n". Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí a ti ki ọ̀pá èémí sí lọ́fun. Àìlèwọ̀n yàtọ̀ sí àìfọhùn, ìyàtọ̀ yìí sì lè pinnu ẹni tí a ó kọ́kọ́ gbé lọ sí iyàrá iṣẹ́ abẹ.

Ìfúnmọ́ inú agbárí

Ohun tí ń pa ẹni tí ó fi orí pa lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àìsí àyè. Alexander Monro ni ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé yìí ní 1783, George Kellie sì tì í lẹ́yìn ní 1824. Agbárí àgbàlagbà dà bí igbá tí a fi ọmọrí dé pinpin. Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀, àti omi ọpọlọ. Bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ dín. Nígbà tí kò bá sí èyí tí ó lè dín mọ́, ohun gbogbo yóò fún mọ́ra.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti mọ èyí ṣáájú kí wọ́n tó ka ìwé. Àwùjẹ̀ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pa dé máa ń wú sókè bí nǹkan bá ń fún mọ́ra nínú orí rẹ̀, ó sì máa ń rì bí omi ara rẹ̀ bá gbẹ. Àgbàlagbà kò ní àwùjẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni a fi ń wá àmì mìíràn.

Kí ni a ó pe ìfúnmọ́ra yìí? Àwọn kan yóò fẹ́ lo ìfúnpá, nítorí pé òun ni a ń lò fún ti ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n apá wà nínú ìfúnpá. Oògùn tí a dè mọ́ apá ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ látijọ́, ó sì bá ẹ̀jẹ̀ mu nítorí pé apá ni a ń so ọ̀já ẹ̀rọ mọ́. Ìfúnpá inú agbárí yóò wá di ohun tí kò ní ìtumọ̀. Ìfúnmọ́ inú agbárí ni ó yẹ. Mílímítà mẹ́kúrì ni a fi ń wọ̀n ọ́: kì í sábà ju 15 lọ nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, ìlànà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2016 sì ní kí a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú bí ó bá kọjá 22.

Nils Lundberg ti ilẹ̀ Sweden ni ó fi hàn ní 1960 pé a lè ki ọ̀pá tín-ínrín sínú ihò omi ọpọlọ kí a sì máa ka ìfúnmọ́ náà láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ náà wọ́n, kò sì sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Bolivia àti Ecuador, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012, pín aláìsàn 324 sí ọ̀nà méjì: a fi ẹ̀rọ ṣọ́ apá kan, a sì fi àyẹ̀wò ara pẹ̀lú àwòrán inú orí ṣọ́ apá kejì. Apá kan kò sàn ju èkejì lọ. Ìwádìí náà kò ní kí a kó ẹ̀rọ dànù, nítorí pé a tọ́jú apá méjèèjì gidigidi. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ojú tí kò sùn, etí tí ó gbọ́ èdè aláìsàn, àti ìwé tí a kọ dáadáa kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Àbùdá kì í ṣe àyànmọ́

Àwọn ènìyàn méjì lè fara pa bákan náà, kí ọ̀kan gbádùn kí èkejì má gbádùn. Ní 1997, Teasdale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè bóyá àbùdá ni ó fà á. Jíìnì kan tí a ń pè ní APOE ní oríṣi mẹ́ta, èyí tí a fi 2, 3 àti 4 pè. Nínú aláìsàn 89 tí wọ́n yẹ̀ wò, 17 nínú 30 tí ó ní oríṣi 4 ni kò rí ìlera tí ó dára lẹ́yìn oṣù 6. Nínú 59 tí kò ní in, 16 ni. Ṣùgbọ́n ní 2005, nígbà tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú aláìsàn tí ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ìyàtọ̀ náà kò hàn mọ́ láàárín gbogbo wọn lápapọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni ó jọ pé ó kàn.

Ọ̀rọ̀ oríṣi 4 yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú ìwádìí tí ó so Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ròyìn pé oríṣi 4 kò so mọ́ àrùn iyè-ríra Alzheimer láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà bí ó ti so mọ́ ọn níbòmíràn. Ìwádìí tí ó jáde ní 2014 wá fi hàn pé ó so mọ́ ọn nínú àwọn Yorùbá tí ó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níhìn-ín fún atúmọ̀ èdè ni pé kí ó ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò lò. Àbùdá dára, nítorí pé ó sọ ohun tí a dá mọ́ ènìyàn láìsọ ibi tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ yóò já sí. Bí a bá lo àyànmọ́, ìpín tàbí orí, ẹbí aláìsàn yóò gbọ́ ìdájọ́ níbi tí onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣeéṣe.

Ìkọ́fẹ

Bí a bá ti la agbárí, tí a sì kó ẹ̀jẹ̀ dídì kúrò, iṣẹ́ kò tíì parí. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan, kọ́fẹ padà, fún ẹni tí agbára rẹ̀ ń padà bọ̀ lẹ́yìn àìsàn. Ó dára ju yá tàbí sàn lọ, nítorí pé ó ní ìrìn-àjò nínú. Ìkọ́fẹ ni kí a pe àkókò náà.

Ní 1975, Jennett àti Michael Bond pín òpin ìrìn-àjò náà sí ọ̀nà 5: ikú, jíjí láìmọ̀, àìlera tí ó mú ènìyàn gbára lé ẹlòmíràn lójoojúmọ́, àìlera tí kò dí òmìnira lọ́wọ́, àti ìkọ́fẹ rere. Ọ̀rọ̀ òyìnbó fún ẹ̀kejì fi ènìyàn wé ewéko. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Yúróòpù dábàá pé kí a pa á tì nítorí àbùkù tí ó wà nínú rẹ̀, kí a sọ pé ẹni náà jí ṣùgbọ́n kò dáhùn. Jíjí láìmọ̀ ti gba ọ̀nà yìí láìjẹ́ pé a túmọ̀ èébú kankan. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ẹnìkan.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé èdè-ìperí ìṣègùn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ìjí, ìjí ẹ̀tàn, ọ̀rọ̀ dídàrú, àìlèwọ̀n, ìfúnmọ́, ìkọ́fẹ: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ ohun tí a óò ṣe. Kí a tó gbà wọ́n wọlé, ó yẹ kí nọ́ọ̀sì méjì tí kò rí ìwé ara wọn fi wọ́n wọn aláìsàn kan náà. Bí máàkì wọn bá bára mu, ọ̀rọ̀ náà yè. Bí kò bá bára mu, kí a tún ọ̀rọ̀ ṣe, kí a má bú nọ́ọ̀sì.

Ní 2009, nígbà tí ìjọba ní kí ọlọ́kadà máa dé àṣíborí, àwọn mìíràn ní Nàìjíríà fi igbá dérí. Ó jọ àṣíborí lókèèrè, ṣùgbọ́n kò lè gba orí sílẹ̀ nígbà tí a bá ṣubú. Irú igbá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó jọ èdè-ìperí ṣùgbọ́n tí kò ní ààlà. Ó di ọwọ́ àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ láti má ṣe fi í dé orí ẹnikẹ́ni.